Orúkọ Tó Wà Lára Fáìlì

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù karùn-ún, 2025

Òjò àná wọ yàrá káàdì. Páànù tí mo ti ń sọ fún wọn láti ọdún tó kọjá pé ó ti lu, ibẹ̀ náà ló gbà wọlé. Pákó mẹ́ta tí a to fáìlì sí ló rin gbingbin. Mo fọwọ́ kan fáìlì kan báyìí, ó ya sí mi lọ́wọ́ bí ewé ẹ̀kọ.

Dókítà Oyèdèjì dé ní aago mẹ́sàn-án, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà nítorí bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àánú, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé wọn ò bàjẹ́ jù?" Mo ní, "Ẹ wọlé ẹ wá wò ó, sà." Kò wọlé.

Ó ní ká pààrọ̀ gbogbo fáìlì pátá kí oṣù keje tó parí, pé èmi ni kí n lọ yan irú èyí tó bá dára. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tọ́jú káàdì ní ilé ìwòsàn yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa bi mí pé irú fáìlì wo ni mo fẹ́. Mo ra ìwé yìí lójú ọ̀nà nígbà tí mò ń bọ̀ wálé. Ohunkóhun tí mo bá ṣe, n ó kọ ọ́ síbẹ̀, kó má di pé wọ́n ní mi ò sọ.

Ìṣẹ́gun, 27

Mo ka gbogbo rẹ̀. 1,316 ló wà lórí pákó. 204 ló rin, 61 nínú wọn ò ṣe é kà mọ́. Ká má purọ́ mọ́ òjò, òun nìkan kọ́. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn pákó ìsàlẹ̀, ó jẹ ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ abẹ sí mọ́ ọn, ó ku awọ rẹ̀ nìkan. Aáyán náà ti jẹ gbogbo ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀.

Orúkọ ọmọ ni mo fi ń to fáìlì àwọn ìyá: Ìyá Kúnmi, Ìyá Àdúrà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ní kò bá ìlànà mu. Ìlànà wo? Ṣé kí n dúró sáàárín èrò kí n máa ké orúkọ àbísọ mọ́ abilékọ lórí ni? Tí mo bá ké e, ta ló máa dá mi lóhùn?

Páálí kan tún wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tí mo fi okùn dì. Fáìlì àwọn ọmọ tí kò sí mọ́ ló wà níbẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ pé ọmọ kan ti lọ, ọjọ́ náà gan-an ni mo máa ń yọ fáìlì rẹ̀ kúrò lórí pákó, àti ti ìyá rẹ̀ tí a so mọ́ ọn, kí obìnrin náà má baà wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan kó ṣe kòńgẹ́ orúkọ yẹn. Tó bá padà wá, màá ya tuntun fún un. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà ni: ẹni tó ṣòfò ọmọ, a kì í fi orúkọ ọmọ yẹn pè é mọ́.

Mo bi Dókítà pé kí ni ká ṣe sí páálí yìí. Ó ní, "Ẹ sun ún, mà. Kí la fẹ́ fi ṣe?" Omi ṣì ń kán nídìí rẹ̀. Mo ní ó di ìgbà tí oòrùn bá ràn.

Ẹtì, 30

Mo lọ sí ọjà Odò-Orí, sọ́dọ̀ Afeez tó ń ta ìwé àti bírò. Oríṣi mẹ́rin ló kó sílẹ̀ fún mi. Páálí pelebe, ₦150. Páálí nípọn, ₦300. Oníke, ₦400. Onírin láàárín, ₦650. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ₦50 ni mo ra pelebe yẹn lọ́wọ́ òun kan náà. Mo rán an létí, ó ní òun náà ò gbàgbé, pé ọdún méjì sẹ́yìn òun ń jẹ ẹran.

"Ìyá Àánú, ẹ mú oníke. Ó ń dán, òjò ò sì lè ṣe é ní nǹkan kan."

"Tí inú rẹ̀ bá làágùn ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà! Fáìlì ni mò ń tà, mà, mi ò ta fìríìjì."

Mo ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó fi èènì sí i. Ó fún mi ní bírò kan tí kò kọ.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà

Mo fi àwọn káàdì tí ò wúlò mọ́ sínú fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tò wọ́n sórí ìgbátí ẹ̀yìnkùlé níbi tí òjò ti máa ń fọ́n dé. Mátírọ́ọ̀nù Ràhámọ̀tù ń kọjá lọ, ó dúró wò mí tìtì.

"Ìyá Àánú, fáìlì lẹ̀ ń sá ni àbí ẹ̀gẹ́?"

Mo ní òjò ni mo sá wọn sí. Ó ní Ọlọ́run á bá òun tọ́jú mi, pé òun ò tíì rí ẹlòmíì tó mọ káàdì í tọ́jú.

Ọjọ́bọ̀, 5

Òjò mẹ́ta ti rọ̀ lé wọn lórí. Pelebe ti di ẹ̀kọ. Irin inú onírin ti dípẹtà, ó kó ìpẹtà bá káàdì. Oníke gbẹ lẹ́yìn, ó ń dán bí ojú ìyàwó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i, ooru jáde, nǹkan funfun bí òwú ti hù lára bébà, gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti fẹ́ dà nù. Páálí nípọn mu omi létí, nígbà tó máa fi di ọ̀sán ó ti gbẹ, káàdì inú rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Ó ń mí. Mo rò pé àwọn bébà fẹ́ máa mí bí èèyàn.

Iléyá lọ́la. Àgbò ń ké ní gbogbo ojúlé láti ibí dé ọjà. Èmi tí mo jẹ́ oníbàtìsì, mi ò ní dáná lọ́la.

Ìṣẹ́gun, 10

Ẹran ilé mẹ́rin ló wà níwájú mi, kò sì sí iná láti ọjọ́ Ẹtì. Mo din gbogbo rẹ̀. Ilé ń rùn títí di báyìí.

Dókítà ní oníke lòun fẹ́, pé òun lòun rí ní ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn, ó fani mọ́ra. Mi ò bá a jiyàn. Mo gbé oníke àti páálí nípọn kalẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, mo ṣí méjèèjì. Ó gbóòórùn oníke, ó fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, mà." Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Páálí nípọn la mú.

Wọ́n ti lẹ páànù. Mo ní kí wọ́n sún pákó kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, mo sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ agolo tó ní kẹrosíìnì nínú. Kí ikán wá gòkè báyìí, ká rí i.

Ẹtì, 13

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ la fi gbogbo àárọ̀ ṣe. Àwọ̀ ewé fún ọmọdé, yẹ́lò fún àwọn obìnrin, búlúù fún àwọn tó kù. Títí débẹ̀, kò síjà. Mátírọ́ọ̀nù wá ní òun fẹ́ pupa fún gbogbo ẹni tó bá ní ohun téèyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: onísúgà, ẹni tí oògùn kan ò bá lára mu, ẹni tí wọ́n ti là rí. Mo ní pupa ò ní wù wọ́n. Ó ní, "Kó má wù wọ́n. Èmi fẹ́ ti ẹnu ọ̀nà rí i ni." Mo kọ pupa 150 sínú ìwé tí mo fẹ́ fún Afeez.

Ọjọ́ Ajé, 16

Obìnrin kan wá lónìí, Mujeebah, ìyàwó Mùrí tó ń dáko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Kuta. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Ó gbẹ, híjáàbù rẹ̀ dé orúnkún, ó kúnlẹ̀ kí mi kí n tó sọ pé kó má kúnlẹ̀. Kuta níbẹ̀ ló ti ń gba ìtọ́jú, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó padà sí ibi tí wọ́n ti là á lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni, lọ́dún 2018.

Ó ní lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gún fún òun di òun lọ́nà ọ̀fun, ojú òun wú, díẹ̀ ló kù. Dókítà ìgbà náà wá sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gún irú rẹ̀ fún un mọ́ láé, pé òun ti kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà sínú káàdì. Ó kọ ọ́ sí bébà kékeré kan fún un pẹ̀lú. Bébà náà ti sọnù. Dókítà yẹn sì ti já lọ sí Kánádà, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́.

Mo ní, "Orúkọ wo ni kí n wò?"

"Mujeebah, mà."

"Ọmọ mélòó lẹ ti bí?"

"A dúpẹ́, mà."

Mi ò bi í síwájú sí i. Ẹni tí wọ́n bi ní iye ọmọ tó fi "a dúpẹ́" dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 17

Mo wá Mujeebah. Mo wá Mùrí. Mo wá Ìyàwó Mùrí. Mo tú àwọn 61 tí kò ṣe é kà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá n ó rí lẹ́tà M kan ṣoṣo. Kò sí. Ìwé iṣẹ́ abẹ ọdún yẹn, ikùn ikán ló wà.

Ọjọ́bọ̀, 19

Dókítà pè mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní obìnrin yìí ò lè rọbí fúnra rẹ̀, wọ́n á tún là á, ọjọ́ 22 oṣù keje lòun mú. Ó ní kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe iṣẹ́ abẹ láì gún abẹ́rẹ́ bíi márùn-ún, mẹ́fà, èyí tó fẹ́ẹ̀ pa á sì wà nínú wọn. "Tá a bá ṣì í gún, mà, a lè má rí i pè padà." Mo ní ká gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ó ní Ìbàdàn náà á bi í pé oògùn wo ni.

Mo bi Mátírọ́ọ̀nù pé kí ló rò. Ó ní ó dájú pé inú iṣẹ́ abẹ yẹn lọmọ ti bọ́, kò sí ọmọ, kò sí orúkọ. "Ẹ má bi í o. Ẹ má lọ tú ọgbẹ́ aláboyún." Ọdún 2022 ni Mátírọ́ọ̀nù dé ọ̀dọ̀ wa, kò mọ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ lọ. Mo fara mọ́ ọn. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Ìṣẹ́gun, 24

Oòrùn ràn láàárọ̀. Mo gbé páálí abẹ́ àtẹ̀gùn lọ sẹ́yìnkùlé, mo tú okùn rẹ̀, mo dá iná. Mò ń bù wọ́n sínú rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́. Mi ò ka orúkọ wọn, mi ò fẹ́ ka orúkọ wọn. Mo ti sun bí ìdajì nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, tí òjò dé lójijì, ó pa iná. Mo kó ìyókù padà sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Ẹtì, 27

Òjò. Mo kọ orúkọ sára fáìlì 140. Ọwọ́ ń ro mí.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù keje

Àwọn pupa ti wà níta, ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó kan láti Olúpọ̀nnà gba tirẹ̀, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn. "Kí ni mo ṣe? Kí ló dé tí tèmi fi pupa? Ṣé àrùn tí wọn ò fẹ́ sọ fún mi ló ń ṣe mí ni?" Ó ní kí n fún òun ní yẹ́lò bíi ti èkejì òun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gbé e dání lọ sílé. Mátírọ́ọ̀nù jáde sí i. Mi ò mọ ohun tó sọ fún un, ó jókòó.

Bàbá Oyèlẹ́yẹ tó ní súgà ní tòun dára, pé àwọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òun ni. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rẹ́yìn irú wọn.

Ọjọ́bọ̀, 3

Mujeebah wá, òun àti ọkọ rẹ̀. Mo ti ya fáìlì pupa sílẹ̀ dè é, mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Ó tẹjú mọ́ ọn. Mùrí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ bá wa wá a. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ó sú yín." Mo ní mo ti wá gbogbo ibi tí orúkọ ìyàwó rẹ̀ lè wà. Ó lanu, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Mo rí i pé nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀. Mi ò bi í. Àwa mẹ́ta la jókòó síbẹ̀ tí à ń ṣe bí ọmọlúàbí.

Mo tún wá a lọ́sàn-án láti A títí dé Y. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

Ìṣẹ́gun, 8

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ ni òní. Gbọ̀ngàn kún. Mò ń pè wọ́n: Ìyá Kúnmi! Ìyá Àdúrà! Ìyá Adérẹ̀mí! Mo rí Mujeebah nídìí ògiri lẹ́yìn pátápátá, kì í sì í ṣe ọjọ́ tirẹ̀. Ó jókòó títí àwọn èèyàn fi tán. Ó wá sídìí tábìlì mi, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn yẹn.

"Mà, ẹ wo Ìyá Shamsudeen."

Háà. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n. Ìyá Shamsudeen! Obìnrin sísanra kan tó ní èjí, tí gbogbo nǹkan ń pa lẹ́rìn-ín, tí kì í lè jókòó kó má bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Ọmọ rẹ̀ máa ń dé fìlà tó tóbi jù ú lọ. Èmi tí mo ń fi gbogbo ẹnu sọ pé mi ò kì í gbàgbé ojú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin yìí ti kúnlẹ̀ níwájú mi tí mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo fà á dìde. Mo ní, "Kí ló dé tó ò tètè sọ?"

Ó ní, "Ó pé ọdún mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ ọmọ mi gbẹ̀yìn, mà. Ìyá mi ò pè é. Bàbá rẹ̀ gan-an ò pè é. Tí mo bá wọ àárín àwọn obìnrin, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá pè mí ní Ìyàwó Mùrí bí ẹni pé àná ni mo wọlé. Mo wá rò pé tí mo bá pè é, bóyá mo ti ṣe ohun tí kò dáa nìyẹn. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n omi yẹn ní orúkọ, mà."

Ó ní ìdí tóun fi sọ ọ́ báyìí ni ọmọ tó wà nínú. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún à á máa ríran, ṣùgbọ́n mi ò ríran rárá, nítorí iná tí mo fi sun ìdajì páálí lọ́jọ́ kẹrìnlélógún ni mo ń wò. Mi ò sọ fún un. Mo ní kó máa lọ sílé, pé n ó wò ó. Lẹ́yìn tó lọ, mo lọ sídìí àtẹ̀gùn. Mátírọ́ọ̀nù ti kúrò ní ilé ìwòsàn, kò sí iná, gbogbo abẹ́ àtẹ̀gùn ti ṣú.

Mo pe Àánúolúwa ọmọ mi lórí fóònù. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Mo kàn ń pe orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 9

Aago méje ni mo dé ibẹ̀. Mo gbé páálí náà sórí bẹ́ǹṣì nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n di odidi kan. Mo fi ọ̀bẹ ìfibọ́tà là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ́ wọn sórí bébà gbígbẹ. Lọ́tẹ̀ yìí mo ka orúkọ wọn. Mo ka á sókè. Mátírọ́ọ̀nù wọlé bá mi níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó bọ́ bàtà, ó jókòó tì mí, òun náà ń ka á. Tí a bá ti ka orúkọ kan, ó ń sọ pé, "Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀."

Kò sí nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Kò sí nínú mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó ku mẹ́ta, mo ní kí Mátírọ́ọ̀nù bá mi là á.

Ó ka èkíní, kì í ṣe òun. Ó ka èkejì, ó gbé e fún mi.

ÌYÁ SHAMSUDEEN. Ọwọ́ èmi náà ló kọ ọ́. Páálí pelebe ni, irú èyí tí mo máa ń rà tẹ́lẹ̀. Ti ọmọ ló wà lókè, okùn fáìlì so méjèèjì pọ̀. Káàdì ọmọ ti fọ̀ tán, ó ku àmì ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Òun ló bo ti ìyá rẹ̀, òun ni omi kọ́kọ́ bá. Bírò ni wọ́n fi kọ ti ìyá, kò lọ. Orúkọ oògùn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàgàrà, dókítà ìgbà náà fa ìlà méjì sí i nídìí. Mo dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mátírọ́ọ̀nù yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta.

"Àlùhámúdùlílááì," ó sọ ọ́ títí.

Mo ní àwọn tí mo sun ńkọ́? Ó ní òun ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Mi ò mọ iye wọn, mi ò sì mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn.

Ẹtì, 11

Mo gbé fáìlì pupa fún Dókítà. Ó kà á, ó bọ́ dígí, ó tún kà á. Ó ní, "Ìyá Àánú, èyí gan-an ni mo máa kọ́kọ́ gún fún un." Ó bá mi gbé àga wá, kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Mo sọ fún un pé mi ò ní sun ìyókù. Mo ní mo fẹ́ pákó kan fún wọn, kí n sì ra páálí nípọn fún wọn bíi ti àwọn yòókù. Ó ní kí n rà á.

Ọjọ́ Ajé, 14

Mo padà sọ́dọ̀ Afeez. Ó ti sọ páálí nípọn di ₦350. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù kan? Ó ní dọ́là. Mo ní ṣé dọ́là ló ń gé páálí ni? Ó gba ₦320. Mo mú funfun. Ó ní funfun á tètè dọ̀tí. Mo ní àwọn tí mo rà á fún kì í dọ̀tí nǹkan.

Ìṣẹ́gun, 22

Wọ́n wọlé ní aago mẹ́sàn-án. Mùrí ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú yàrá káàdì, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo ní kó wá jókòó, kò gbọ́. Èmi náà ò rí iṣẹ́ ṣe. Lẹ́tà K ni mo tò láàárọ̀, mo tún un tò lẹ́ẹ̀kejì.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ọmọ ké. Obìnrin ni. Mátírọ́ọ̀nù yọrí síta, ó ní, "Ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ò wú, ó ń béèrè omi." Mùrí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tútù yẹn. Mo ní kó dìde, pé ẹni tó yẹ kó kí wà nínú yàrá.

Ìṣẹ́gun, 29

Ìsọmọlórúkọ. Ààfáà pe ọmọ ní Bàrákà. Gbogbo obìnrin àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀: Ìyá Bàrákà, Ìyá Bàrákà. Ó ń dá gbogbo wọn lóhùn. Mo jẹun, mo padà síbi iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 31

Ó parí. 1,255 tí wọ́n ti wọ aṣọ tuntun, 61 tí à ń dúró de olúwa wọn kí a tún ti wọn kọ, funfun 23 lórí pákó tiwọn. Ìlànà tuntun nìyí, èmi ni mo gbé e kalẹ̀: nọ́ńbà lókè, orúkọ obìnrin fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà orúkọ tí a ń pè é. Dókítà wá wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí ó wọlé. Ó ní, "Ó mọ́ o, mà." Mo dúpẹ́.

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹsàn-án

Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan sínú ìwé yìí mọ́. Ó ku ẹyọ kan.

Ọmọ Mujeebah pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí, ó gbé e wá gba abẹ́rẹ́. Mo mú fáìlì pupa rẹ̀ jáde. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, Mujeebah Mùrí wà níbẹ̀. Ìlà kẹta ṣófo, mo fi í sílẹ̀ dè é ni.

Mo ní, "Kí ni kí n kọ síbí? Ìyá Bàrákà?"

Ó ní, "Gbogbo ayé ló ń pè mí ní Ìyá Bàrákà, mà, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tèyín níbí, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Mo wò ó. Mo ní, "Ṣé o mọ̀ pé n ó máa pè é síta o. Níwájú èrò."

"Mo mọ̀, mà."

Mo kọ ọ́. Ó lọ jókòó láàárín àwọn yòókù.

Nígbà tó kàn án, mo dìde dúró. Mi ò kì í dìde pe ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin méjì tó jẹ́ ará àdúgbò rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Mo pè é bí mo ṣe ń pe àwọn yòókù: "Ìyá Shamsudeen!"

Àwọn méjèèjì bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan fọwọ́ bo ẹnu. Gbọ̀ngàn dákẹ́, ó ku àwọn ọmọ tó ń ké.

"Èmi nìyí, mà!"

Ó dìde, ó tún ọ̀já ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ so, ó sì ń bọ̀ láàárín wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí èjí rẹ̀.